Ọwọ́ Ayashi Lórí Okùn

Ayashi jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Apẹja ni. Ẹja ìsàlẹ̀ òkun ló ń pa. Burasi ni, ẹja pupa olójú ńlá tí kì í gòkè wá bá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí i nísàlẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé rí. Ojú omi tóóró tó wà láàárín ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ Sípéènì ni Ayashi ti ń pa á. Bàbá rẹ̀ pa á níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa á níbẹ̀, omi sì gbé e lọ níbẹ̀. Ayashi kò torí ìyẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ó lọ sí ìlú Tánjà láti ru bíríkì fún àwọn tó ń kọ́lé. Kò pẹ́ tó fi padà. Wọ́n bi í léèrè ohun tó dé. Ó ní bíríkì kì í fa èèyàn lọ́wọ́.

Ó fẹ́ Shama. Wọ́n bí obìnrin mẹ́ta, gbogbo wọn ti relé ọkọ. Ayashi àti Mufaddal, àbúrò Shama lọ́kùnrin, ni wọ́n jọ ń wa ọkọ̀. Ọkọ̀ kékeré ni, igi ni, wọ́n kùn ún ní búlúù. Èèyàn méjì ló ń gbà, kò sí àyè ẹni kẹta. Mufaddal a wà nídìí ẹ́ńjìnnì, Ayashi a di okùn mú.

Okùn yẹn gùn. Bí wọ́n bá so ó mọ́ mọ́sálásí tó wà lórí òkè, yóò dé etíkun, yóò sì tún ṣẹ́ kù. Ìwọ̀ pọ̀ lára rẹ̀ nísàlẹ̀, ègé ẹja sàdíìnì wà lẹ́nu ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òkúta ló wà ní ìdí gbogbo rẹ̀ láti fà á lọ sílẹ̀. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń so òkúta náà mọ́ okùn, kó lè rọrùn láti já. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kún fún àpáta. Bí òkúta bá há, èèyàn á fà á, òwú á já, òkúta á dúró sílé rẹ̀, okùn àti ìwọ̀ àti ẹja á sì máa bọ̀. Àwọn ọmọ abúlé mọ èyí kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń wẹ̀.

Ẹni tó di okùn mú ló ń so òkúta ara rẹ̀. A kì í bá èèyàn so ó. Wọ́n ní ẹni tó bá bá ọ so òkúta ti mú nínú oríire rẹ.

Òkúta á lọ sílẹ̀, adókùnmú á gbé okùn lé ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, á sì máa tẹ́tí pẹ̀lú ìka yẹn. Nígbà tí òkúta bá kan ilẹ̀, ìka á mọ̀. Nígbà tí ẹja bá fọwọ́ kan ìjẹ, ìka á mọ̀. Ẹja àkọ́kọ́ kò tó láti fa okùn fún. Wọ́n á dúró kí òmíràn mú, kí òmíràn tún mú, ìka á sì máa kà wọ́n. Ìka Ayashi dára. Èyí kì í ṣe àsọdùn. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ká èso ólífì lọ́dún tí mò ń sọ yìí ni àìsàn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, èèrà náà lọ, wọn kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Àtàǹpàkò kú. Ìka méjì tó tẹ̀lé e kú. Wọ́n ń ká, wọ́n ń nà, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ nǹkan mọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lágbára, àmọ́ kò kọ́ iṣẹ́ yìí rí, kò sì mọ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Shama rí i tó jẹ́ kí ife tíì bọ́ sílẹ̀.

"Kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

"Òtútù ni."

"Òtútù wo? Ìdí iná lẹ jókòó sí yìí!"

"Òtútù àná ni."

Shama gbá ife tó fọ́ náà. Ayashi kò sọ fún Mufaddal. Ó mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Òun kò mọ ẹ́ńjìnnì. Bí okùn bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, orí iyanrìn ló kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbà tó ń tún àwọ̀n ṣe ní ìdí ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ dé. Àwọn èèyàn ń kí wọn dáadáa níbẹ̀. Wọn kì í bi wọ́n léèrè nǹkan kan.

Ìgbà òtútù dé. Shẹ́rìkì, afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn, fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sí ọkọ̀ tó lè jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ náà fẹ́ dáwọ́ dúró, Ayashi jókòó sí ẹ̀yìn ilé láti so òkúta sílẹ̀ de ọ̀la. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so ó, ó tú. Ó fi eyín bá a mú un, ó tún tú. Kò mọ̀ bóyá kókó ti mú tàbí kò mú, nítorí ìka tó yẹ kó sọ fún un ti di igi. Ìbínú mú un. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó mú àjákù okùn ẹja tó nípọn, èyí tí ojú lè rí dáadáa, ó fi í so àwọn òkúta náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí àwọn bá dúró síbi tó yẹ, òkúta kò ní há.

Ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì ojú òkun tẹ́. Òtútù wà, èyí tó ń wọ abẹ́ èékánná. Gbogbo ọkùnrin abúlé ti wà ní etíkun, wọ́n ń ti ọkọ̀ bọ́ sómi. Ahmidu, ojúgbà Ayashi, tí wọ́n ti jọ ń bú ara wọn láti kékeré, rí i tó ń bọ̀.

"Ayashi! Mo ṣe bí o ti di ìyàwó ilé! Odindi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná!"

"Ìyàwó mi ò rùn bí ìwọ, kí ni mo fẹ́ wá wá síta?"

"Òórùn ẹja ni, ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ pé o ti gbàgbé bó ṣe rí."

"Ti ọkọ̀ ẹ, jàre. Omi ń lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mufaddal fa ẹ́ńjìnnì, ó gbiná. Wọ́n ní Bisimilahi, wọ́n kọrí sójú omi.

Ibi tí wọ́n ń lọ kò ní àmì lórí omi. Orí ilẹ̀ ni àmì rẹ̀ wà. Wọ́n á wakọ̀ títí ibojì funfun tó wà létí òkè yóò fi bọ́ sábẹ́ ibi tí Òkè Musa ti là sí méjì, wọ́n á sì dúró. Omi ibẹ̀ kì í sinmi. Ó ń lọ síhà kan, ó tún ń padà síhà kejì. Láàárín àlọ àti àbọ̀ ló máa ń mí díẹ̀. Ìgbà yẹn ni òkúta lè lọ sílẹ̀ lóòró.

Wọ́n dé ibẹ̀, omi ń mí. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ti tò káàkiri, ti Ahmidu kò jìnnà. Ayashi ju òkúta. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jáde nínú apẹ̀rẹ̀, ìwọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Ó gbé e lé ìka rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ó tẹ́tí.

Kò gbọ́ nǹkan kan.

Okùn ń lọ. Ó ń wo apẹ̀rẹ̀ kó lè fi ojú mọ ohun tí ìka kò mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Mufaddal pè láti ìdí ọkọ̀, "kò tíì kanlẹ̀ ni?"

"Ó ń lọ."

"Ó ti pẹ́ tó ti ń lọ o."

"Ṣé ìwọ lo mú un dání?"

Okùn náà ti kanlẹ̀ tipẹ́. Ó ti dùbúlẹ̀ sórí àpáta, ó ti ká ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí ejò tó rí ilé. Nígbà tí Ayashi fà á, kò mira. Ó tún fà á. Ó yẹ kí òwú já. Kò já. Mufaddal yí ọkọ̀ lọ sí òdì kejì kí wọ́n lè fà á láti ibẹ̀. Okùn le gan-an, ó ń dún. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tẹ̀ súnmọ́ omi. Lójijì ó já lókè, lẹ́bàá ọwọ́ wọn, Ayashi sì fi ìdí jókòó sínú ọkọ̀. Gbogbo ìwọ̀ lọ. Okùn lọ. Bí ẹja bá wà níbẹ̀, ó lọ pẹ̀lú.

Okùn mìíràn wà nínú apẹ̀rẹ̀ kejì, Mufaddal fà á jáde. Ó na ọwọ́ mú òkúta tó tẹ̀lé e láti gbé e fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ bá kan kókó. Ó gbé òkúta náà sókè, ó yí i padà.

"Ẹ̀gbọ́n. Kí lèyí?"

"Òkúta ni."

"Mo rí òkúta. Kí la fi so ó?"

"Okùn."

"Ta ló so ó?"

"Èmi ni mo so ó. Ṣé a kì í so òkúta ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ ṣe so ó yìí! Ṣé ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ wa máa jẹko níbí ni?"

Ayashi ń wo Òkè Musa. Ìbínú Mufaddal lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ó ti bá ọkùnrin yìí wà nínú ọkọ̀ tipẹ́, kò sì rí i kó so okùn tó nípọn mọ́ òkúta rí, àní nígbà tó ní ibà.

"Ẹ na ọwọ́ yín."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ nà án, ẹ sì máa wo ọ̀hún."

Ayashi nà án. Ó ń wo ọ̀dọ̀ Ahmidu. Mufaddal mú ìwọ̀ kan, ó fi ẹnu rẹ̀ gún àtàǹpàkò Ayashi.

"Ṣé ó dùn yín?"

"O ò tíì ṣe nǹkan kan."

"Ẹ wò ó."

Ayashi yíjú padà. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti àtàǹpàkò rẹ̀ sórí pákó ọkọ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń wò ó.

"Láti ìgbà wo?"

"Ìgbà ólífì."

"Ẹ̀gbọ́n mi Shama mọ̀?"

"Ó mọ̀ pé mò ń fọ́ ife."

"Ẹ̀yin náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ ò lè lanu! Ṣé ọ̀tá yín ni mí ni?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Pé kí o wá ẹlòmíràn?"

Mufaddal já okùn tó nípọn kúrò lára òkúta, ó wá òwú tẹ́ẹ́rẹ́, ó so ó. Ó dìde.

"Ẹ bọ́ sídìí ẹ́ńjìnnì."

"Mi ò mọ ẹ́ńjìnnì."

"Ẹ kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí imú ọkọ̀ máa wo ibi tí omi ti ń bọ̀."

Wọ́n pààrọ̀ àyè, ọ̀kan ń fi ikùn kọjá lára ìkejì, ọkọ̀ ń mì. Ayashi jókòó síbi tí kò jókòó sí rí. Ahmidu rí wọn láti ọ̀nà jíjìn.

"Ayashi! Wọ́n ti fi ọ́ jẹ dírẹ́bà ni?"

Ayashi ní ẹnu, gbogbo abúlé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ẹ́ńjìnnì.

Mufaddal ju òkúta. Ó mọ ìgbà tó kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní sùúrù, kò ní in láti kékeré. Ẹja àkọ́kọ́ fọwọ́ kan ìjẹ, ó ti ń fà. Burasi kékeré kan ló bá okùn wá, gbogbo ìjẹ yòókù ṣì wà lẹ́nu ìwọ̀. Ayashi rí i. Ẹni tó sọ odindi okùn nù láàárọ̀ kò ní ẹjọ́ rò.

Mufaddal so òkúta mìíràn, ó jù ú. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Wọ́n mọ̀ pé bóyá èyí ló máa gbẹ̀yìn. Òkúta kanlẹ̀. Ayashi ń gbìyànjú kí ọkọ̀ má sún kúrò lórí okùn, ó yí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì síbi tí kò yẹ, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kú. Ní àkókò yẹn náà ni ọkọ̀ òkun akẹ́rù ńlá kan ń kọjá lọ láti òkun kan sí ìkejì, tó ga bí òkè, ìgbì rẹ̀ sì ń bọ̀ wá bá wọn.

"Ẹ gbà! Ẹ gba okùn!" Mufaddal ti ń fò bọ̀. "Ẹ kàn mú un dání. Ẹ má ṣe nǹkan kan!"

Ayashi gba okùn. Ẹ̀rù bà á pé yóò yọ̀ bọ́ láàárín àwọn ìka tó ti kú. Nítorí náà kò gbé e lé ibi tí àwọn èèyàn ń gbé e lé. Ó yí ọwọ́ padà, ó fi okùn sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ìka kékeré tó gbẹ̀yìn, ó dì í mọ́bẹ̀.

Ìgbì náà dé. Ó gbé wọn sókè, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Mufaddal ń fa ẹ́ńjìnnì, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, ó ń pe orúkọ ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà, kò pe méjèèjì bákan náà.

Nígbà náà ni ìka kékeré gbọ́ nǹkan.

Ó kọ́kọ́ gbọ́ òkúta. Òkúta ń kan ilẹ̀, tó, tó, bí ọ̀pá arúgbó. Ayashi mí èémí sínú, kò tú u síta. Ó sún okùn díẹ̀. Òkúta kúrò nílẹ̀, ìka mọ̀. Ó jẹ́ kó padà, ìka mọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ẹja. Kò sí ohun mìíràn nínú ayé tó ń fa èèyàn báyẹn. Ó mú ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó sinmi. Òmíràn mú.

Ẹ́ńjìnnì gbiná. Mufaddal nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ.

"Ẹ mú un wá."

"Dúró."

"Ẹ̀gbọ́n, omi ti ń lọ. Ẹ jẹ́ ká fà á kó tó há."

"Mo ní kí o dúró. Wọ́n ń jẹun."

"Àwọn wo?"

"Mú ọkọ̀ lọ síwájú díẹ̀. Díẹ̀. Ó tó. Dúró síbẹ̀."

Mufaddal ṣe bí ó ti wí. Ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ ọkùnrin náà, níbi tí okùn gbà kọjá. Ahmidu ti ń fa tirẹ̀ wọlé, ó ń lọ sílé, ó kígbe bó ti ń kọjá.

"Ẹ máa bọ̀ nílé o! Kí lẹ ń dúró dè, ìrun ọ̀sán?"

"À ń dúró kí o lọ," Ayashi sọ. "Ojú rẹ ń lé ẹja."

Ahmidu rẹ́rìn-ín títí tí ọkọ̀ rẹ̀ fi jìnnà.

Ayashi dúró. Omi ń fa ọkọ̀. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í dagun. Ó ṣì dúró. Nígbà tó rí i pé ó tó, ó ní, "Ó yá." Wọ́n jọ gbé ọwọ́ lé e. Àpáta di òkúta mú díẹ̀, òwú já bí ó ti yẹ kó já, okùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ó wúwo, ó wúwo dáadáa. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì gbóná nínú òtútù yẹn. Wọ́n ń fà, wọ́n ń mí.

Lẹ́yìn náà okùn fúyẹ́ lójijì. Ẹni tí kò mọ̀ ì bá bẹ̀rù. Àwọn mọ̀ ọ́n. Nígbà tí burasi bá gòkè tó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, òun fúnra rẹ̀ á máa léfòó bọ̀. Omi dúdú mọ́lẹ̀, ó pọ́n. Ọ̀kan yọ, òmíràn yọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tò bọ̀ láti ìsàlẹ̀ bí aṣọ pupa tí wọ́n sá sórí okùn.

"Alihamudulilahi," Mufaddal sọ. Ó tún un sọ.

Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀. Ẹja ńlá ni wọ́n, ẹja tó dàgbà. Nígbà tí wọ́n kó wọn tán, Mufaddal jókòó tì í.

"Ìka wo ni?"

Ayashi gbé ìka kékeré sókè.

Mufaddal wo ìka náà. Ó wò ó dáadáa. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lọ́fun rẹ̀, kò lè dá a dúró.

"Ìyẹn? Èyí tí ẹ fi ń ro etí yín?"

"Òun náà ni."

"Ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tipẹ́ nìyẹn!"

Ayashi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ yẹn. Mufaddal yí ọkọ̀ sí ilé. Wọ́n lọ díẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rọ̀ òkúta ńkọ́? Ìka kan kò lè so kókó."

"Màá wá nǹkan ṣe."

"Mo ti rí ohun tí ẹ wá ṣe. Èmi ni ó máa so ó."

"A kì í bá èèyàn so òkúta."

"Mo mọ̀. Wọ́n ní mo máa mú nínú oríire yín. Ẹ̀gbọ́n, oríire tí ẹ ní láàárọ̀ yìí, tí mo bá mú díẹ̀ kúrò níbẹ̀, mo ràn yín lọ́wọ́ ni."

Ayashi ro ó. Bàbá rẹ̀ kò ṣe é rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kò ṣe é rí.

"Kí Ahmidu má gbọ́," ó sọ.

"Ahmidu á gbọ́. Ẹ jẹ́ kó gbọ́. Ohun mìíràn tún wà. Ẹ máa lọ rí dókítà ní ìlú."

"Lẹ́yìn ìgbà ẹja."

"Rárá o. Ọjọ́ tí Shẹ́rìkì bá kọ́kọ́ tún fẹ́, tí a ò lè jáde. Èmi ni mo máa mú yín lọ."

"Wọ́n á gé ọwọ́ mi."

"Wọ́n ṣe ti ìyá Ahmidu, wọ́n là á díẹ̀ ní ọrùn ọwọ́, ó sì ń fi ọwọ́ náà ya irun àgùntàn lónìí. Ẹ ò tíì sọ pé ẹ gbà."

"Mo gbà. Wakọ̀ ẹ."

Nígbà tí wọ́n dé etíkun, àwọn tó wà níbẹ̀ wá bá wọn fa ọkọ̀. Wọ́n rí ẹja, wọ́n sọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ. Ahmidu náà wá, ó gbé ọ̀kan sókè, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, kò rí àbùkù kankan, ó ní ojú rẹ̀ jọ ti Ayashi. Ayashi kò lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó kí wọn, ó kọjá.

Nílé, Shama di àtàǹpàkò rẹ̀ fún un pẹ̀lú aṣọ funfun. Ó bi í pé kí ló gún un. Ayashi ní àbúrò rẹ̀ ni. Ó sì sọ ìyókù fún un, láti ìgbà ólífì títí di ìgbà tí ìka kékeré gbọ́, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Shama ní òun yóò bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ayashi kò bá a jiyàn.

Ní alẹ́ yẹn ó jẹ àwo ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná méjì tí èròjà kúmínì wà lójú rẹ̀, búrẹ́dì ọkà bálì, àti orí burasi kan, tòun ti ojú.